Ẹni Tí Ó Jókòó Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gá

Ọ̀ràn kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà fíìmù dé ibẹ̀, nítorí fíìmù náà ni ó tú àṣírí mi fún èmi fúnra mi.

The Godfather ni fíìmù náà. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti wò ó, tàbí kí ẹ ti gbọ́ tí àwọn bàbá yín ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mario Puzo ni ó kọ ìwé ìtàn náà ní ọdún 1969. Francis Ford Coppola sì sọ ọ́ di fíìmù ní 1972. Ìtàn ìdílé Corleone ni, àwọn ọmọ Sísílì tí wọ́n fi New York ṣe ibùgbé, tí wọ́n sì fi ìwà ọ̀daràn ṣe òwò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wò ó, mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì. Michael ni mo ń wò nígbà náà, ọmọkùnrin tó ti ojú ogun dé, tó sọ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀ pé òun yàtọ̀ sí ìdílé òun, tó sì padà di ọ̀gá tó le ju bàbá rẹ̀ lọ. Bí mo ṣe ń dàgbà sí i, ojú mi kúrò lára Michael. Ó bọ́ sára ọkùnrin kan tó máa ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú yàrá, tí irun iwájú orí rẹ̀ ti ń tán, tí kì í sábà gbé ohùn sókè. Tom Hagen ni orúkọ rẹ̀. Òṣèré Robert Duvall ni ó ṣe é.

Àwọn ará Ítálì ní orúkọ fún ipò tí Tom wà: consigliere. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju olùdámọ̀ràn lọ. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá àgbà tí wọ́n ń pè ní Don ni ó wà lókè. Igbákejì rẹ̀ tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni àwọn balógun tí wọ́n ń darí àwọn ọmọ ẹ̀yìn tó ń gbé ìbọn. Olùdámọ̀ràn kò sí lórí àkàbà yìí. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá ni ó wà. Kò ní ọmọ ogun, kì í sì í yìnbọn. Etí ọ̀gá ni ó ní. Òun ni ó mọ gbogbo àṣírí, òun sì ni ó lè sọ ohun tí ẹlòmíràn yóò bẹ̀rù láti sọ.

Tom kì í ṣe ọmọ Sísílì. Ìran Jámánì òun Áyálándì ni ó ti wá. Ìwé Puzo sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀: ìyá rẹ̀ kú, ọtí sì pa bàbá rẹ̀, ọmọ náà wá di ẹni tó ń rìn káàkiri ìgboro pẹ̀lú àrùn ojú. Sonny, àkọ́bí Don Vito Corleone, ni ó rí i tó mú un wálé, tó sì ní àfi kí wọ́n gbà á. Wọ́n bọ́ ọ, wọ́n tọ́jú ojú rẹ̀, ó kàwé títí ó fi di agbẹjọ́rò. Síbẹ̀ Don kò gbà á ṣọmọ lábẹ́ òfin, nítorí ó ní àìbọ̀wọ̀ fún àwọn òbí tó bí i lọ́mọ ni yóò jẹ́. Hagen ni ó ń jẹ́ títí, kò jẹ́ Corleone. Nígbà tí àrùn jẹjẹrẹ dá Genco, olùdámọ̀ràn àtijọ́, dùbúlẹ̀, Tom ni Don fi sí ipò rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ yòókù fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. Wọ́n ń pè wọ́n ní ẹgbẹ́ àwọn ará Áyálándì.

Ẹ fi ọkàn sí ìyẹn. Ọmọ tí wọ́n mú láti ìta, tó ń jẹ, tó ń mu nínú ilé, ṣùgbọ́n tí orúkọ ilé kò kàn án. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ a máa san owó oúnjẹ àná ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1945, ní ọjọ́ ìgbéyàwó Connie, ọmọbìnrin Don. Bí ijó ṣe ń lọ lóde ni àwọn ẹlẹ́bẹ̀ ń wọlé lọ bá Don nínú yàrá, nítorí ọmọ Sísílì kì í kọ ẹ̀bẹ̀ ní ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ obìnrin. Tom wà níbẹ̀, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà ni Don rán an lọ sí California, sọ́dọ̀ Jack Woltz, olówó tó ń ṣe fíìmù. Olórin kan tí Don jẹ́ bàbá ìsàmì fún ń wá ipa nínú fíìmù Woltz, Woltz sì ti fàáké kọ́rí. Tom bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó bá a jẹun alẹ́. Nígbà tí Woltz bú u, tó tún bú ẹ̀yà rẹ̀, Tom dúpẹ́ oúnjẹ, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n fi mọ́tò gbé òun dé pápákọ̀ òfuurufú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Woltz jí, ó bá orí ẹṣin tó fẹ́ràn jù lórí ibùsùn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ bo gbogbo aṣọ. Ọwọ́ Tom kò kan ọ̀bẹ. Ó kàn jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni.

Àwọn àgbà wa ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìwà ọmọlúàbí ni òwe yìí ń kọ́ni: bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ burúkú rán ọ, fi ọgbọ́n tún un ṣe kí o tó jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n Tom kọ́ mi pé òwe yìí ní ẹ̀yìn. Ènìyàn lè fi ohùn ọmọ jẹ́ iṣẹ́ ẹrú títí tí kò fi ní rántí mọ́ pé iṣẹ́ ẹrú ni.

Kì í ṣe pé Tom kò mọ ìmọ̀ràn gbà ni. Nígbà tí Sollozzo wá pé kí ìdílé Corleone bá òun dá òwò oògùn olóró sílẹ̀, Don bi Tom léèrè. Tom ní kí wọ́n gbà. Ó ní owó ńlá wà nínú rẹ̀. Bí àwọn kò bá ṣe é, àwọn ẹgbẹ́ yòókù yóò ṣe é, wọn yóò fi owó náà ra ọlọ́pàá àti àwọn olóṣèlú, wọn yóò sì padà wá gba ohun tí àwọn ní. Àlàyé tó mọ́gbọ́n dání ni. Don kọ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí tó fi kọ̀: ó ní àwọn olóṣèlú tí àwọn jọ ń ṣọ̀rẹ́ lè fojú fo tẹ́tẹ́, wọn kò ní fojú fo oògùn olóró. Ẹni tó ní kí wọ́n gbà àti ẹni tó kọ̀, èrè àti ewu ni àwọn méjèèjì ń wọ̀n. Kò sí ẹni tó dárúkọ ọmọ ọlọ́mọ tí oògùn náà yóò bayé jẹ́.

Tom ní ìgboyà pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn ọ̀tá yìnbọn pa Sonny, òun ni ó ní láti sọ fún Don, ẹni tí ara rẹ̀ kò tíì yá láti ọgbẹ́ ìbọn tirẹ̀. Ó mu ọtí díẹ̀ kí ó tó lè là á sọ, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Mélòó nínú àwọn tó yí àwọn ọ̀gá wa ká ni ó lè sọ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ fún wọn?

Síbẹ̀, nígbà tí Michael gba ipò, ó yọ Tom. Ó ní Tom kì í ṣe olùdámọ̀ràn ìgbà ogun, agbẹjọ́rò ni yóò máa ṣe fún wọn ní Las Vegas. Don Vito tó ti fẹ̀yìn tì wá di olùdámọ̀ràn ọmọ rẹ̀; òun ni ó kìlọ̀ fún un pé ẹnikẹ́ni tó bá wá pè é sí ìpàdé pẹ̀lú Barzini ni ọ̀dàlẹ̀. Tessio, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ láti ìgbà èwe, ni ó wá. Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ mú Tessio lọ pa, Tom ni ọkùnrin náà yíjú sí, tó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó yọ òun nítorí ìgbà àtijọ́. Tom mi orí. Ó ní kò ṣeé ṣe. Kò bínú, kò sì pariwo. Ó dúró ní ojú fèrèsé, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń mú un lọ.

Apá kejì fíìmù náà, tó jáde ní 1974, ni ó wá fi gbogbo rẹ̀ hàn. Michael ti borí. Hyman Roth, ọ̀tá rẹ̀, ti darúgbó, àìsàn sì ti wọ̀ ọ́ lára. Tom béèrè lọ́wọ́ Michael bóyá ó tún tọ́ láti pa á. Ó ní ó ti borí, ṣé gbogbo ayé ni ó fẹ́ pa tán ni? Michael dá a lóhùn pé àwọn ọ̀tá òun nìkan ni. Ó wá yí ọ̀rọ̀ náà padà sí ọrùn Tom. Ó fi yé e pé òun mọ̀ pé wọ́n ti fi iṣẹ́ lọ̀ ọ́ níbòmíràn. Ó ní bí kò bá fẹ́ bá àwọn ṣe mọ́, kí ó kó ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ àti àlè rẹ̀, kí ó máa lọ. Ojú Tom rẹ̀wẹ̀sì. Ó béèrè ìdí tí Michael fi ń dun òun bẹ́ẹ̀, òun tí òun kò dalẹ̀ rẹ̀ rí. Ó dúró.

Iṣẹ́ tí ó jẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni n kò lè gbàgbé. Frank Pentangeli, tó yẹ kí ó jẹ́rìí tako Michael, wà ní àhámọ́ ìjọba. Tom lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn méjèèjì rìn létí wáyà pẹ̀lú sìgá lọ́wọ́, wọ́n ń sọ ìtàn Róòmù àtijọ́. Tom rán an létí pé nígbà náà, bí ìdìtẹ̀ sí ọba kò bá yọrí sí rere, wọ́n máa ń fún àwọn ọlọ̀tẹ̀ láǹfààní kí ìdílé wọn má bàa pàdánù ọrọ̀ wọn; Pentangeli fúnra rẹ̀ ni ó fi kún un pé ẹni tó bá lọ sílé tó pa ara rẹ̀, wọn kì í fọwọ́ kan ìdílé rẹ̀. Tom kò sọ pé kí ó kú. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n tún rí Pentangeli, ó ti gé iṣan ọwọ́ ara rẹ̀ nínú omi ìwẹ̀. Ní àkókò kan náà ni wọ́n yìnbọn pa Fredo, ẹ̀gbọ́n Michael, lórí adágún omi.

Ìbéèrè méjì ni ènìyàn lè bi ẹni tó bá wá gba ìmọ̀ràn. Èkíní ni: báwo ni a ó ṣe ṣe é? Èkejì ni: ṣé ó yẹ kí a ṣe é? Kò sí ẹni tó mọ ìdáhùn èkíní tó Tom. Èkejì ni ó pẹ́ kí ó tó bi. Nígbà tó sì bi í, wọ́n fi oúnjẹ àná dá a lóhùn, ó sì gbé ẹnu rẹ̀ dákẹ́.

Ẹlòmíràn lè sọ pé ohun tí Tom ṣaláìní ni òtítọ́ tó le. N kò rò bẹ́ẹ̀. Nínú The Sopranos, eré tẹlifíṣọ̀n tí HBO fi hàn láti 1999 sí 2007, Silvio Dante ni olùdámọ̀ràn Tony Soprano. Steven Van Zandt, tó ń ta gìtá fún Bruce Springsteen, ni ó ṣe é. Ìgbà kan wà tí Tony kọ̀ láti fa ìbátan rẹ̀ lé àwọn ọ̀tá lọ́wọ́, ewu sì ń wu gbogbo ẹgbẹ́. Silvio sọ ọ́ sí i lójú pé ìgbéraga rẹ̀ ni ó ń dà á láàmú. Òtítọ́ ni. Tony lé e jáde nínú yàrá. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Tony fúnra rẹ̀ lọ yìnbọn pa ìbátan náà. Ẹni tó bá ń sọ òtítọ́ nípa bí iṣẹ́ burúkú yóò ṣe yọrí sí rere, iṣẹ́ burúkú náà ni òtítọ́ rẹ̀ ń ràn lọ́wọ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ara mi.

Ẹ̀gbọ́n mi àgbà ni ó san owó ilé-ẹ̀kọ́ mi láti ìgbà tí bàbá wa ti fẹ̀yìn tì. N kò lè san án padà, kò sì béèrè rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni ó ti máa ń pè mí bí ọ̀rọ̀ bá le. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, lẹ́yìn tí bàbá wa papòdà, ó pè mí nípa ilé wa ní Ìbàdàn. Ìyàwó kékeré bàbá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, ń gbé yàrá méjì lẹ́yìn ilé náà pẹ̀lú ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kó ayálégbé sí ibẹ̀. Ó ní, “Ìwọ lo mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ. Báwo la ṣe máa gbé e kalẹ̀ tí ẹbí ò fi ní pariwo?”

Mo ronú jinlẹ̀ nípa “báwo” náà. Mo ní, “Bọ̀dá mi, ẹ má sọ pé kí wọ́n jáde. Ẹ sọ pé òrùlé ẹ̀yìn ń jò, ẹ fẹ́ tún un ṣe.” Òrùlé náà ń jò lóòótọ́. Mo ní kí wọ́n ti fi owó ilé ọdún kan sínú àpò ìwé kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní àbúrò bàbá wa ni kí ó sọ ọ́, kí ó má ti ẹnu wa jáde. Èmi yóò sì jókòó ti Àǹtí.

Ó lọ geere. Àǹtí kò jiyàn. Ó di ọwọ́ mi mú, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo bá òun sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù. Ní ọjọ́ Sátidé kan ni ó kó ẹrù rẹ̀. Wọ́n tún òrùlé ṣe lóòótọ́, ayálégbé sì wọlé. N kò béèrè bóyá ó yẹ. Bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé ọmọ bàbá wa ni ọmọkùnrin yẹn. Ìbáà ṣe ìdí-igi ni a fi pín ogún, ìbáà ṣe orí-ò-jorí, ìpín rẹ̀ wà nínú ilé náà bí tiwa.

Ní oṣù tó kọjá, ọmọ náà pè mí. Ó ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, Mọ́mì ní kí n pè yín kí n tó yan ohun tí mo fẹ́ẹ́ kọ́ ní yunifásítì. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń sọ òótọ́ fún èèyàn.”

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tún wo apá kejì fíìmù náà. Nígbà tí Tom àti Pentangeli ń rìn létí wáyà, mo dá a dúró. N kò lè wò ó parí.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní ọjọ́ kejì. Mo ní, “Bọ̀dá mi, ohun tí a ṣe fún Àǹtí kò dára.” Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, “Ìwọ náà lo kọ́ mi bí a ṣe máa ṣe é.” N kò rí èsì fọ̀, nítorí òtítọ́ ni. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti mọ òwe náà, ẹlòmíràn ni mo máa ń fi í bá wí.

Mo lọ sọ́dọ̀ Àǹtí pẹ̀lú. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: òrùlé, àpò ìwé, ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ àti ẹni tí yóò jókòó tì wọ́n. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní, “Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ kì í dùn tó bẹ́ẹ̀.”

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, ó ṣeé ṣe kí ẹ má ṣe di ọ̀gá láéláé. Púpọ̀ nínú wa kò ní dì í. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí wọn kò ní fi ọ̀rọ̀ lọ̀ lọ́jọ́ kan: ọ̀gá níbi iṣẹ́, ọ̀rẹ́ tó fẹ́ kọ ìyàwó rẹ̀, àbúrò tó fẹ́ fi owó àjọ ra mọ́tò. Ẹni tó ṣe yín lóore ni yóò tún ṣòro jù láti dá lóhùn. Kí ẹ tó sọ “báwo” fún un, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè bóyá ó yẹ. Bí ó bá sì ní kò yẹ ṣùgbọ́n òun yóò ṣe é, ẹ má ṣe bá a wá ọ̀rọ̀ dídùn sí i. Oore tí ó ṣe yín, ẹ fi nǹkan mìíràn san án.

Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì pè mí padà. Owó tí ayálégbé náà san yóò tán ní oṣù Kejìlá. Ẹbí yóò pàdé kí ó tó tó àkókò yẹn, èmi náà yóò sì wà níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnu ara mi ni n ó fi béèrè fún yàrá Àǹtí, ní ojú ẹ̀gbọ́n mi àti ní ojú gbogbo ilé.